Sáfà Tó Ti Darúgbó àti Ẹ̀rọ Kékeré Tó Gba Ipò Rẹ̀

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Raspberry Pi gbé ẹ̀rọ tuntun jáde láìjẹ́ kí ayé gbọ́ tẹ́lẹ̀. Raspberry Pi 4 ni wọ́n pè é: kọ̀ǹpútà tí kò fẹ̀ ju káàdì ATM lọ, tí owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 35. Bí ìròyìn náà ṣe ń tàn ni èrò ń ya lọ sí ìkànnì wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò náà kò mọ̀ ni pé pátákó kékeré tí wọ́n wá wò yẹn gan-an ló ń fi ojú-ewé tí wọ́n ń kà ránṣẹ́ sí wọn. Mythic Beasts, ilé-iṣẹ́ kan ní Cambridge tó ń bójú tó sáfà fún wọn, ti to Raspberry Pi 4 méjìdínlógún jọ. Mẹ́rìnlá ń hun ojú-ewé pẹ̀lú PHP, èdè ìkọ̀wé ètò kan, méjì ń fi fáìlì tí kì í yí padà ránṣẹ́, méjì tó kù sì ń rántí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè kí àwọn yòókù má baà tún un wá. Ìkànnì náà dúró gbọn-in.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ọ́fíìsì tó ní sáfà kan ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí fáànù rẹ̀ ń hó tọ̀sán-tòru, tí wọ́n rà láyé ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ ní pàtó ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo wọn. Bí wọ́n bá pa á, ṣé yóò tún dìde? Nígbà tí ó bá wá di dandan kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ka iye mẹ́mórì àti díìsìkì tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì wá èyí tó jù ú lọ rà. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀rọ kan ṣe tóbi tó kò sọ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Iṣẹ́ náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n.

Ẹ̀rọ kékeré kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún 1990 ni Tim Berners-Lee gbé sáfà wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ láyé kalẹ̀ ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà nítòsí Geneva, lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí ilé-iṣẹ́ NeXT ṣe. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà ń sáré ní megahertz 25. Ti Raspberry Pi 4 ń sáré ní 1,500, mẹ́rin irú rẹ̀ ló sì wà nínú ṣíìpù kan ṣoṣo. Berners-Lee lẹ bébà mọ́ ara ẹ̀rọ náà, ó fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé sáfà ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ẹ̀rù àtipa sáfà wẹ́ẹ̀bù ti wà láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Kí ni sáfà ń ṣe gan-an? Ẹnì kan ní Òṣogbo tẹ àdírẹ́sì ìkànnì sórí fóònù rẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ gba orí wáyà dé ọ̀dọ̀ sáfà, sáfà wá fáìlì náà, ó fi ránṣẹ́, ó tán. Bí fáìlì bá ti wà nílẹ̀ ní ṣíṣe, iṣẹ́ náà kò ju kí ẹ̀rọ kà á láti inú mẹ́mórì kó sì dà á sórí wáyà. Ìgbà tí sáfà bá ní láti hun ojú-ewé lákọ̀tun fún olúkúlùkù ni iṣẹ́ ń pọ̀: kó béèrè àkòrí lọ́wọ́ àkójọ dátà, kó wo orúkọ ẹni tó wọlé, kó ṣa ìpolówó tó bá a mu. Àní nígbà náà, ọ̀pọ̀ ojú-ewé ni kì í yí padà láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá hun ún lẹ́ẹ̀kan tó sì tọ́jú rẹ̀ lè pín in fún ẹgbẹ̀rún èèyàn láìtún un hun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìkànnì ìwé ìròyìn kan ń fi ojú-ewé 50,000 ránṣẹ́ lójúmọ́, èyí tí kì í ṣe kékeré. Ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan. Bí a bá pín in, kò tó ojú-ewé kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká tún ní èrò ń di ìlọ́po mẹ́wàá nígbà tí ìbò bá parí tàbí tí gbajúmọ̀ kan bá ṣe ìgbéyàwó: kò tíì ju mẹ́fà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sáfà gbàǹgbà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò yàtọ̀ sí tírélà tí wọ́n fi gbé agbọ̀n ata kan ṣoṣo láti Bódìjà lọ sí Mókọ́lá.

Ìṣòro àwọn ìgbà àtijọ́ wà nínú ọ̀nà tí sáfà ń gbà ṣiṣẹ́ ju inú irin rẹ̀ lọ. Ní 1999, Dan Kegel, olùkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè kan síta: àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà ti lágbára tó, kí ló dé tí sáfà kan kò fi lè dá ẹgbàárùn-ún èèyàn lóhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Bí ọ̀pọ̀ sáfà ṣe ń ṣe é nígbà náà ni pé wọ́n ń yan òṣìṣẹ́ kan fún oníbèérè kan. Òṣìṣẹ́ náà á dúró tì í títí yóò fi gba fáìlì rẹ̀ tán, bí íntánẹ́ẹ̀tì ẹni náà tilẹ̀ ń wọ́, mẹ́mórì á sì máa lọ sórí ìdúró lásán. Igor Sysoev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, dáhùn ìbéèrè náà pẹ̀lú nginx, tó tú síta fún gbogbo ayé ní 2004. Nínú nginx, òṣìṣẹ́ kan ń yíjú sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbèérè lẹ́yìn ara wọn, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ti múra tán ló ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀rọ kékeré tó bá ní i lónìí ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ ńlá ayé ìgbà kan kò lè ṣe.

Báwo wá ni ẹ̀rọ tí kì í rìn, tí kì í ru ẹrù, ṣe ń gbó? Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Lórí pátákó sáfà ni àwọn agolo kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní kapásítọ̀, tí wọ́n ń mú iná dúró ṣinṣin. Omi kẹ́míkà wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, omi náà sì ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ìlànà tí àwọn ẹnjiníà ń tẹ̀ lé ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius mẹ́wàá lé sí i, ẹ̀mí kapásítọ̀ á dín kù sí ìdajì. Yàrá tí kò ní atẹ́gùn, tí eruku ọyẹ́ sì ti dí fáànù, kò ní láti ṣe ohun mìíràn. Fáànù náà ń jẹra lórí ìyíká rẹ̀, bátìrì roboto tó ń mú kí ẹ̀rọ rántí aago ń kú, nígbà tó bá sì ya, wọ́n á rí agolo tó wú lórí pátákó.

Ti díìsìkì ló léwu jù. Ní 2007, Eduardo Pinheiro, Wolf-Dietrich Weber àti Luiz André Barroso, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Google, tẹ ìwádìí jáde lórí háàdì díìsìkì tó lé ní 100,000. Nínú ọgọ́rùn-ún díìsìkì tí kò tíì ju ọdún kan lọ, nǹkan bí 1.7 ló ń kú lọ́dún. Láàárín àwọn tó ti pé ọdún mẹ́ta, ó ti lé ní 8.6. Díìsìkì ní ọ̀nà tó fi ń kéde àìlera ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ alábòójútó sì gbọ́kàn lé e. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí náà rí i pé ó ju ìdajì àwọn díìsìkì tó kú lọ tí kò fi ọ̀kan hàn rárá nínú àmì mẹ́rin tó dáni lójú jù. Àná ó ń ṣiṣẹ́, òní ó kú. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ níbòmíràn kò ní ohun kankan.

Àwọn kan a máa fi ọjọ́ orí sáfà yangàn. Ní 2013, ìkànnì ìròyìn Ars Technica ròyìn sáfà kan tó ń lo NetWare 3.12, ètò sáfà àtijọ́ kan, tó ti ń ṣiṣẹ́ láìkú fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó pa á, nítorí pé díìsìkì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Ìyìn tọ́ sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Síbẹ̀, sáfà tí wọn kò tún tàn láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún ni sáfà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò tún jí. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa wu iléèwé tàbí ilé ìwòsàn láti ní.

Irin nìkan kọ́ ló ń gbó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbàjẹ́ inú sọfítíwíà kì í pariwo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà ayé ló lo CentOS, sọfítíwíà ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ. Àtìlẹ́yìn fún CentOS 6 parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2020, ti CentOS 7 sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2024. PHP 5.6, tí ìkànnì àtijọ́ púpọ̀ dúró lé, parí ní òpin ọdún 2018. Láti ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, bí olè bá rí ihò tuntun, kò sí ẹni tí yóò wá dí i. Àwọn tó ṣe Chrome, Firefox, Safari àti Edge tún fẹnu kò pé láti 2020, àwọn kò ní í gba TLS 1.0 àti 1.1 mọ́, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí sáfà fi ń bá aṣàwákiri sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Sáfà tí kò mọ èyí tó tẹ̀ lé e di odi lójú wọn, bí iná rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Èyí tó tún ya ọ̀pọ̀ alábòójútó lẹ́nu ni ti ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2021. Lọ́jọ́ náà ni ìwé-ẹ̀rí ìpìlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní DST Root CA X3 kú, èyí tí Let's Encrypt, àjọ tó ń fún ìkànnì ní ìwé-ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, ti fi ń gbé ara rẹ̀ ró láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí sọfítíwíà wọn ti pẹ́ jù kò gbọ́ pé àjọ náà ti ní ìpìlẹ̀ tuntun. Lójijì ni wọ́n dẹ́kun àtibá àwọn ìkànnì kan sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wọn.

Iná mànàmáná ńkọ́? Ẹ mú sáfà 2004 kan tó ní ọpọlọ Xeon méjì, ti ìran tí Intel pè ní Nocona. Intel fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ooru ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó wáàtì 103, fáànù, díìsìkì àti mẹ́mórì kò sì tíì dá sí i. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ń jẹ wáàtì 200 láìsinmi, yóò jẹ kílówáàtì-wákàtí 1,752 lọ́dún. Ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ wáàtì márùn-ún kò ní í jẹ ju 44 lọ. Ní oṣù kẹrin 2024, nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, sí náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, ti àkọ́kọ́ jẹ́ náírà 394,200 lọ́dún, ti èkejì kò tó 10,000. Owó ẹ̀rọ amúlétutù tí yóò lé ooru sáfà ńlá jáde kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì dá orúkọ jẹnẹrétọ̀.

Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ìṣirò bátìrì ṣe pàtàkì ju ti owó lọ. Bátìrì inverter kan, fólítì 12, 100Ah, ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú lórí ìwé. Sáfà ńlá yóò gbẹ ẹ́ ní wákàtí mẹ́fà. Èyí tó ń jẹ wáàtì márùn-ún yóò lo ọjọ́ mẹ́wàá. Bí a bá tilẹ̀ gé gbogbo rẹ̀ sí ìdajì, nítorí pé kò dára kéèyàn fa bátìrì gbẹ pátápátá, ẹ̀rọ kékeré ṣì lè dúró ju ọjọ́ mẹ́rin lọ nígbà tí èkejì ti kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàdédé dé. Olùwádìí Jonathan Koomey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011 pé láti ìgbà kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ títí di 2009, iye iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà lè fi ìwọ̀n agbára kan náà ṣe ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ti ọ̀rọ̀ náà dé góńgó ni Kris De Decker, tó ń gbé ní Barcelona, tó sì ni Low-tech Magazine. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ó gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sórí sáfà kan tí oòrùn nìkan ń bọ́. Pátákó kékeré kan tí Olimex ṣe ní ilẹ̀ Bulgaria ni sáfà náà, ó ń jẹ láti wáàtì kan sí méjì àti ààbọ̀, páńẹ́lì sólà wáàtì 50 ló sì ń bọ́ ọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n sọ gbogbo ojú-ewé di fáìlì tí ó ti wà ní ṣíṣe, wọ́n sì sọ àwòrán di aláwọ̀ kan pẹ̀lú àmì tótòtó tí ìwọ̀n rẹ̀ fi fúyẹ́ gan-an. Bí òjò bá ṣú jù, ìkànnì náà máa ń lọ, yóò sì padà nígbà tí oòrùn bá ràn. Lójú ojú-ewé gan-an ni ònkàwé ti ń rí iye tó kù nínú bátìrì. Báńkì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkànnì ìjọ, ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, tàbí ti ilé ìkàwé lè kọ́ ìdajì àkọ́kọ́ nínú ọgbọ́n náà: kí wọ́n tó ra ohunkóhun, kí wọ́n kọ́kọ́ dín ẹrù kù.

Kì í ṣe pátákó bíi Raspberry Pi nìkan ni ohun rírà. Láti 2023 ni ṣíìpù Intel N100 ti wà, tí Intel ṣe fún wáàtì mẹ́fà, àwọn kọ̀ǹpútà alápótí kékeré tó ń lò ó sì pọ̀ lọ́jà. Èyí tí àpilẹ̀kọ yìí yóò kọ́kọ́ dámọ̀ràn ni tòkunbọ̀: àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tín-ín-rín tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń tà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, tí wọ́n sì ń dé Computer Village ní Ìkẹjà. Wọ́n ti ṣe é tán, kò sí ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ tuntun tí wọn yóò tún wà láti fi ṣe é, SSD gidi, ìyẹn díìsìkì tí kò ní àwo tó ń yí, sì wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díìsìkì yìí ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Káàdì mẹ́mórì tí ọ̀pọ̀ ń kì bọ Raspberry Pi ni ibi tó ti ń jìyà jù. Fóònù àti kámẹ́rà ni wọ́n ṣe é fún, sáfà sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú. Bí iná bá tún lọ lójijì nígbà tó ń kọ̀wé, ó lè bàjẹ́ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí Mythic Beasts fi jẹ́ kí àwọn Pi tí wọ́n ń fi háyà máa gba fáìlì wọn láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láìsí káàdì kankan. Sáfà ńlá tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré kò ní: mẹ́mórì tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń pè ní ECC. Ní 2009, olùwádìí Bianca Schroeder pẹ̀lú Pinheiro àti Weber fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀rọ Google ló ń rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún. Fún ìkànnì tí èèyàn ń kà lásán, kò tó ìṣòro. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka owó tàbí tí wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn, kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ní ECC, kí wọ́n má sì wo iye tó fi lé. Owó tó bá ṣẹ́ kù nínú gbogbo èyí ni kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ kejì tó dúró ní sẹpẹ́ àti díìsìkì tí ẹ̀dà fáìlì yóò máa wà lórí rẹ̀ ní ilé mìíràn.

Ìṣílọ gan-an ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Sáfà àtijọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kan. Òun náà ló ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn òbí ní ìparí táàmù, òun ló ń ṣe àkópọ̀ owó ní òru ọjọ́ Ẹtì, òun ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ń béèrè aago lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú wọn. Nítorí náà, kí wọ́n wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà fún oṣù kan ó kéré tán, kí òpin oṣù lè bọ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ gbogbo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n da ẹ̀dà fáìlì sórí ẹ̀rọ tuntun láti inú ẹ̀dà ìpamọ́, kí ó má ṣe jẹ́ láti ara sáfà àtijọ́ tààrà. Bí ẹ̀dà ìpamọ́ kò bá pé, ọjọ́ yẹn ló dára jù láti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì náà wà ńbẹ̀. DNS ló ń sọ fún ayé ibi tí orúkọ ìkànnì kan ń gbé, àwọn ẹ̀rọ ayé a sì máa rántí ìdáhùn náà fún iye ìṣẹ́jú-àáyá tí onílé bá kọ. Ọ̀pọ̀ kọ ọ́ sí 86,400, ìyẹn odindi ọjọ́ kan. Kí wọ́n sọ ọ́ di 300 ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ó lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni àwọn èrò yóò fi ṣí láti ilé àtijọ́ sí tuntun, àti pé bí nǹkan bá yíwọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún náà ni wọn yóò fi padà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, kí wọ́n yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà àtijọ́ nìkan, kí wọ́n fi iná rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá wá bínú pé lẹ́tà òun kò dé ti sọ iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù fún wọn.

Ìgbà tó bá wá tó àkókò láti gbé e jáde, díìsìkì inú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 35 dọ́là lé ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Morgan Stanley Smith Barney lórí, nítorí pé wọ́n gbé iṣẹ́ títú sáfà àti díìsìkì àtijọ́ wọn fún ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tí kò mọ̀ nípa pípa dátà rẹ́. Díìsìkì tí ìsọfúnni oníbàárà ṣì wà nínú wọn dé orí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bí mílíọ̀nù 15 oníbàárà ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Háàdì díìsìkì oní-àwo tí wọ́n bá kọ òdo bò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti mọ́. SSD kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó máa ń fi àwọn ibì kan pa mọ́ fún ara rẹ̀, àṣẹ ìparẹ́ tó wà nínú òun fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n lò. Èyí tí kò bá tàn mọ́, kí wọ́n lu ú fọ́ tàbí kí wọ́n gbẹ́ ihò sí i.

Irin tó kù kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel lórí pàǹtí eléwu fún Áfíríkà, tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń parí sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń sun wáyà lórí iná gbangba nítorí bàbà inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fa èéfín rẹ̀ sínú. Láti 2011 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí irú pàǹtí bẹ́ẹ̀, lábẹ́ àbójútó NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká. Ọ́fíìsì tó bá fẹ́ sọ sáfà nù lè béèrè lọ́wọ́ àjọ náà ta ni wọ́n fún ní ìwé àṣẹ láti tú u, kí wọ́n yọ mẹ́mórì àti ẹ̀rọ apínná tó ṣì dára sílẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀, kí wọ́n sì gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara díìsìkì kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀.